Ọkùnrin Tó Dúpẹ́ Nínú Ìjọ, Tó Sẹ́ Lórí Ìwé

Ọkùnrin kan wà nínú ìjọ wa níhìn-ín, kí ìwọ tó dé ìlú yìí. Ọdún mẹ́tàlá ló ti lò lókè òkun. Ó níyàwó, ó bí ọmọ méjì, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀. Kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kì í bá èèyàn jà. Bí wọ́n bá ní kí n wá àléébù rẹ̀, mo máa wá a tì, àfi pé kì í gbọ́ràn sí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu, àrùn gbogbo wa sì nìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀ ti di ọmọ ìlú yìí ṣáájú rẹ̀. Àwọn ọmọ, ibí ni wọ́n bí wọn sí, ọmọ ìlú ni wọ́n. Òun nìkan ló kù. Ìwé tó ní gbà á láyè kó máa gbé, kó sì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àlejò ló ṣì jẹ́. Bí wọ́n bá ti ìrìn àjò dé sí pápákọ̀ òfuurufú, ìyàwó àtàwọn ọmọ á gba ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á kọjá wẹ́rẹ́. Òun á lọ tò sórí ìlà àwọn àlejò, á dúró fún wákàtí méjì. Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, bi í pé, "Dádì, kí lẹ ṣe fún wọn tí wọn ò fi jẹ́ kẹ́ ẹ bá wa kọjá?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọra. Ó sọ fún mi pé ọjọ́ náà lòun pinnu pé òun máa gba ìwé ọmọ ìlú, kí òun àtàwọn ọmọ òun lè jọ máa gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé. Ohun tó ń wá kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ ṣá. Lọ́dún kejì tó dé, kó tó gbéyàwó, ọlọ́pàá bá igbó lápò rẹ̀. Kò pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè fi ìka méjì bù. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló fún un pé ó máa bá a lé òtútù lọ, òun náà sì gbà á bí òmùgọ̀. Wọ́n gbé e dé kóòtù. Adájọ́ wò ó títí, ó ní kó san owó ìtanràn, kó lọ jókòó jẹ́ẹ́. Ó san án lọ́jọ́ náà gan-an. Láti ìgbà yẹn, kò fọwọ́ kan igbó mọ́. Mo lè búra sí ìyẹn.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ wá. Ọkùnrin yìí sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ìdúpẹ́. Ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta, lọ́dọọdún, á wọ aṣọ funfun, á mú ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, á jó dé iwájú pẹpẹ, á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ bá mi yin Olúwa! Èmi tí ẹ̀ ń wò yìí, níwájú adájọ́ ni mo dúró lọ́jọ́ òní, nítorí igbó! Wọn ì bá jù mí sẹ́wọ̀n, wọn ì bá dá mi padà sílé. Olúwa ní rárá!"

Ìjọ á hó yèè. Àwọn obìnrin á bọ́ sí àárín, ijó á bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, ìyàwó rẹ̀ á pín ìrẹsì. Mo jẹ ìrẹsì yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mi ò sì parọ́, ó máa ń dùn.

Ó wá gba fọ́ọ̀mù ọmọ ìlú. Ó kọ orúkọ, ó kọ ọjọ́ ìbí, ó kọ gbogbo ilé tó ti gbé rí. Ó dé ibi ìbéèrè kan. Ìbéèrè náà ní, ǹjẹ́ kóòtù ti dá ọ lẹ́bi rí, bó ti wù kí ẹ̀ṣẹ̀ náà kéré tó, bó ti wù kó ti pẹ́ tó? Kó fàmì sí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n tún fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ pé kó ṣàlàyé.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ẹ kọ pé ẹ sanwó, ẹ kọ pé ẹ ò ṣe é mọ́. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ yìí, torí ẹ̀ ni."

Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ mi, o ò mọ àwọn èèyàn yìí."

Obìnrin tí òun náà ti kọ irú fọ́ọ̀mù yẹn, tó sì ti gbàwé, òun ni kò mọ àwọn èèyàn yìí. Ẹni tó wá mọ̀ wọ́n ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà. Ọkọ̀ akẹ́rù ni Lọ́yà ń wà. Kò jókòó sí kíláàsì òfin rí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ẹnu tó ní ló sọ ọ́ lórúkọ.

Lọ́yà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ júwe ilé ẹ̀ fún ọlọ́pàá? Ọdún mọ́kànlá! Ìwé yẹn ti jẹrà níbi tí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí. Ẹ fàmì sí bẹ́ẹ̀ kọ́, kẹ́ ẹ gbàwé yín. Ọlọ́run gan-an ti dárí ẹ̀ jì yín."

Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó fi kún un yẹn ló bà á jẹ́. Ọkùnrin yìí gbé e lọ sílé bí ẹni gba àṣẹ láti òkè. Ó ní bí Ọlọ́run ò bá rántí ọ̀rọ̀ náà mọ́, ta ni ìjọba tó máa rántí rẹ̀?

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ìjọba ò pe ara ẹ̀ ní Ọlọ́run. Ó kàn béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ yín ni."

Kò gbọ́. Ó fàmì sí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ìparí ìwé náà, wọ́n ní kó fọwọ́ sí i pé òtítọ́ ni gbogbo ohun tóun sọ. Ó fọwọ́ sí i, ó tún fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ó ku ẹni méjì tó máa jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Ẹnì kejì ni alàgbà ìjọ rẹ̀. Alàgbà náà ni èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Má yanu wò mí bẹ́ẹ̀.

Ó wá bá mi nílé, ó ní, "Bàbá, lẹ́tà ni mo wá bẹ̀ yín fún." Mi ò béèrè fọ́ọ̀mù. Ó yẹ kí n béèrè, mi ò béèrè. Mo gbé bíírò, mo sì kọ̀wé bí èèyàn ṣe ń kọ ọ́ nítorí ẹni tó fẹ́ràn. Mo ní olóòótọ́ ni. Mo ní bí ẹ bá fẹ́ mọ ìwà ọkùnrin yìí, ẹ wo bó ṣe ń ṣe pẹ̀lú àṣìṣe rẹ̀. Mo ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, kóòtù bá a wí nítorí igbó díẹ̀, kò sì fi pamọ́ fẹ́nikẹ́ni rí, pé gbogbo oṣù kẹta ló ń dúró níwájú ọ̀ọ́dúnrún èèyàn láti sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Inú mi dùn sí lẹ́tà náà. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi ẹ̀dà kan pamọ́, mo lẹ àpòòwé pa.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dọ̀bálẹ̀, ó fi í sínú ìwé rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Kò tú u wò. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í tú lẹ́tà àgbà. Nínú gbogbo ibi tó ti yẹ kí ẹ̀kọ́ ilé ṣiṣẹ́ fún un, ibẹ̀ yẹn ló ti ṣiṣẹ́!

Oṣù méje kọjá kí èsì tó dé. Èmi náà kà á. Wọ́n ní àwọn ti rí ọ̀rọ̀ igbó náà nínú ìwé kóòtù kí àwọn tó ṣí fọ́ọ̀mù rẹ̀ rárá. Wọ́n ní ó kéré, ó sì ti pẹ́, òun nìkan kò sì lè dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn bi í, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ò lè jẹ́rìí sí ìwà ẹni tó parọ́ fún àwọn. Kó má tún béèrè títí ọdún mẹ́wàá fi máa pé.

Ọdún mẹ́wàá, Ládépò. Ọmọ tó ń bi í ní ìbéèrè yóò ti dàgbà tó láti máa dá rìnrìn àjò. Làpálàpá lásán ló ní, ló bá lọ fi ẹ̀tẹ̀ bò ó.

Ó wá bá mi pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun máa kọ̀wé padà sí wọn.

Mo ní, "Kí lo fẹ́ kọ?"

Ó ní, "Pé mo gbàgbé ni. Bàbá, ọdún mọ́kànlá kì í ṣe ọjọ́ kan."

Mo lọ sínú yàrá, mo mú ẹ̀dà lẹ́tà mi wá, mo fi lé e lọ́wọ́. Orí ìdúró ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tó kà á dé ibi oṣù kẹta, ó jókòó.

Ó ní, "Bàbá, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí wọn?"

Mo ní, "Ìwọ lo fi ránṣẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ ló wá lanu. Ó ní, "Àwọn tó ń jẹ ìrẹsì wa lọ́dọọdún ń kọ́? Ṣé kí n lọ máa bẹ̀ wọ́n, ilé dé ilé, pé kí àwọn náà gbàgbé?"

Ọkùnrin náà ò kọ̀wé kankan mọ́. Ó ṣì ń wá sí ìjọ, ṣùgbọ́n kò jáde síwájú lóṣù kẹta mọ́, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí. Má béèrè lọ́wọ́ mi ẹni tó jẹ́.

Inú bí mi sí i fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀. Inú bí mi sí Lọ́yà. Inú bí mi sí ara mi, tí mo kọ̀wé láìbéèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara mi rọlẹ̀, mo rí i pé gbogbo wa la jọ ṣe é. Àwa èèyàn yìí, níbi tí wọ́n bá ti ń pàtẹ́wọ́ fún wa, a mọ ẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́. A máa jó sí i, a máa se oúnjẹ sí i. Bó bá wá di inú àpótí kékeré kan lórí ìwé, níbi tí kò ti sí ìlù, tí kò ti sí hàlelúyà, ẹnu wa á wúwo. Ó mà sú mi o. Ẹ̀rí tí o lè jẹ́ níwájú àwọn tó fẹ́ràn rẹ, tí o kò lè jẹ́ níwájú ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, orúkọ wo la máa fún un? Eré orí ìtàgé ni.

Bí dókítà bá bi ọ́ bóyá o ti jẹun láàárọ̀ kó tó là ọ́ níkùn, kì í ṣe oúnjẹ rẹ ló fẹ́ gbà. Ó fẹ́ mọ bó ṣe máa tọ́jú rẹ ni. Bí o bá parọ́ fún un, kì í ṣe òun ló máa kú.

Ó kàn ọ́ wàyí, Ládépò. O gbé fọ́ọ̀mù rẹ wá lọ́sàn-án yìí, pé kí n jẹ́rìí sí ìwà rẹ. O ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu láti ka inú rẹ̀, pé ibi ìfọwọ́sí nìkan ni kí n wò. Nígbà tí o lọ kí ìyàwó mi nínú ilé ìdáná, mo kà á. Mo dé ojú ìwé kẹrin. O fàmì sí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ta ló bá ọ lọ sí kóòtù lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn? Nígbà tí wọ́n bá oògùn olóró yẹn nínú ọkọ̀ rẹ, ta lo kọ́kọ́ pè? Ta ló bá ọ di ẹ̀wù òtútù rẹ mú níta títí o fi jáde? Èmi náà ni, Ládépò! Èmi náà lo wá gbé ìwé yìí wá fún. Ṣé o rò pé ogbó ti mú mi débi tí mo ti gbàgbé ni, àbí o gbà pé mo rántí, o kàn fẹ́ kí n bá ọ parọ́? Dákẹ́, má dá mi lóhùn. Mi ò fẹ́ mọ èyí tó jẹ́.

Mi ò lè ṣèlérí fún ọ pé wọ́n máa fún ọ níwèé bí o bá sọ òtítọ́. Wọ́n lè kọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀, a máa ní sùúrù, a máa tún béèrè, mo sì máa tún bá ọ kọ̀wé bí mo bá ṣì wà láyé. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ nítorí ẹnu rẹ, kí ni n óò fi bá ọ bẹ̀bẹ̀?

Lẹ́tà tèmi, mo máa kọ ọ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ ni mo máa kọ síbẹ̀, dáadáa rẹ àti ọjọ́ kóòtù yẹn, torí mi ò mọ irú lẹ́tà mìíràn kọ. Mi ò ní lẹ̀ ẹ́ pa lọ́tẹ̀ yìí. Wàá kà á níwájú mi. Kó tó dìgbà náà, gba bíírò yìí, fa àga, jókòó sídìí tábìlì yẹn, kí o ṣí ojú ìwé kẹrin.