Fàdákà Mẹ́fà Tí Wọ́n Pè Ní Ìdọ̀tí

Obìnrin kan wà ní abúlé Odò-Ìyeyè, Fẹ̀hìntọlá ni orúkọ rẹ̀. Oṣù Agẹmọ, ní ọdún tí ìjì ká òrùlé ilé ẹ̀kọ́ lọ, ni wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ jẹ́ kí á dárúkọ rẹ̀ ná, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí, wọ́n ti ń sọ pé kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni nǹkan náà.

Fàdákà méje ni ìyá yìí jogún. Owó àtijọ́ ni wọ́n, orí ayaba òyìnbó wà lára wọn, ìyá ìyá rẹ̀ ló fi epo pupa gbà wọ́n ní etí òkun. Wọn kì í ná an. Bí obìnrin ilé náà bá bí àkọ́bí, wọ́n á kó méjèèje sínú omi ìwẹ̀ àkọ́kọ́ ọmọ náà, kí ọmọ lè mọ̀ pé àwọn kan ti wà kí òun tó dé. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ nù wọ́n, wọ́n á dì wọ́n sínú àkísà òfì, wọ́n á dá wọn padà sínú ìkòkò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi kànìnkànìn kàn wọ́n.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, aṣọ àti afẹ́fẹ́ ń kùn wọ́n. Etí wọn dúdú bí aró. Bí ojú bá ti ń lọ sí àárín, aró náà á di elésè àlùkò, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, títí yóò fi máa dán bí ọrùn ẹyẹlé nínú oòrùn. Fẹ̀hìntọlá mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpá eyín wà lára ọ̀kan nínú wọn: ìyá rẹ̀ ló deyín mọ́ ọn lọ́jọ́ tó ń rọbí òun Fẹ̀hìntọlá.

Ọkùnrin kan tí ń ra ohun àtijọ́ káàkiri dé sí abúlé náà. Ọmọ-ọmọ ìyá lóyún oṣù mẹ́jọ nígbà náà, oyún àkọ́bí rẹ̀, ìyá sì ti gbé ìkòkò jáde sílẹ̀ de ọmọ náà. Ọkùnrin náà fi gíláàsì kékeré wo fàdákà kan títí. Lẹ́yìn náà ó yínmú.

"Màmá, ẹ mà ti jẹ́ kí ìdọ̀tí bo nǹkan yìí o. Ta ni yóò ra irú èyí?"

"Ta ló ń tà á fún ọ? Omi ìwẹ̀ ọmọ ni a ń kó o sí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ìyá má bínú, bí ìyá òun ni òun ṣe rí i. Òun yóò bá a kó wọn lọ sí ìgboro níbi tí wọ́n ti ń fọ fàdákà, òun yóò sì dá wọn padà kí ọmọ tó dé, kí omi ìdọ̀tí má baà kan ọmọ tuntun. Ó ní kí ìyá máa retí òun ní Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí yẹn gún ìyá lọ́kàn. Àkọ́bí òun fúnra rẹ̀ àti àkọ́bí ọmọ rẹ̀ ni ó ti fi omi náà wẹ̀. Ojú tì í. Obìnrin tí kì í fi àwo tí kò dán gbé oúnjẹ fún àlejò, ṣé òun ni yóò di ìdọ̀tí lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́? Bí ẹni tí ń ṣan aṣọ kí ó tó fi í fún alágbàfọ̀, ó mú fàdákà kan, ó fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí ó fi funfun bí eyín ọmọdé. Apá ń ro ó, ni ó fi àwọn yòókù sílẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin náà rí fàdákà funfun náà, ó fi igbe ta.

"Yéè! Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kàn án? Màmá, ẹ ti bà á jẹ́!"

"Ìwọ kọ́ lo ní ìdọ̀tí ni?"

Ó ní ọwọ́ ìyá ló le jù, iṣẹ́ náà ń fẹ́ ọwọ́ ẹ̀rọ̀. Ó di mẹ́fà tó kù sínú òwú, lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Ta ní ń di ìdọ̀tí sínú òwú? Ìyá rí i. Ó rí i, ṣùgbọ́n ó rò pé ẹni tó ń pe òun ní màmá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí òun. Àṣìṣe rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ọmọ náà dé, obìnrin ni. Fàdákà funfun kan ṣoṣo ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Ó lé ní oṣù mẹ́ta kí ọkùnrin náà tó kó mẹ́fà dé, gbogbo wọn ń kọ mànà. Ìyá fi àtàǹpàkò wá àpá eyín lára wọn, kò rí i.

"Èyí kọ́ ni tèmi."

"Wọ́n ti fọ̀ ọ́ ni, Màmá."

"Eyín ìyá mi ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà bá omi lọ ni?"

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀. Baálẹ̀ gbé ọ̀kan sókè sí oòrùn. Àwọn ìjòyè ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń wo ojú wọn nínú rẹ̀.

"Ìyá yìí mà ṣoríire o," ni ọ̀kan wí. "Ẹ bá mi bẹ ọkùnrin yìí kó wá fọ orí pípá mi náà!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ ní kí ìyá dúpẹ́. Ọkùnrin náà jókòó sórí àga, ẹni tó tó bí i lọ́mọ dúró níwájú rẹ̀, ó ń dúpẹ́.

Ní ọdún kejì, ọmọ-ọmọ Fẹ̀hìntọlá yà sí ilé kan ní ìgboro tí wọ́n ti ń pàtẹ ohun àtijọ́. Fàdákà mẹ́fà wà nínú àpótí gíláàsì. Aró wà létí wọn, ọrùn ẹyẹlé wà láàárín wọn, àpá eyín wà lára ẹ̀kẹta. Àwọn ènìyàn rọ̀gbà yí wọn ká, wọ́n ń mí kanlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: Ẹ wo ẹwà tí ọjọ́ orí nìkan lè fún fàdákà. Ẹnikẹ́ni kò fọ̀ wọ́n rí. A kò mọ ẹni tó ni wọ́n.

Ó ròyìn rẹ̀ fún ìyá.

"Wọ́n pè é ní ẹwà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Àgbà."

Ìyá wo fàdákà funfun ọwọ́ rẹ̀, ó da ojú fàdákà náà délẹ̀.

Baálẹ̀, àti ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin ni a ń pa àkàwé yìí fún. Ẹ má sọ pé olè nìkan ló ṣẹ̀. Olè pe ohun olóhun ní ìdọ̀tí. Ẹ̀yin ni ẹ bá a fi òǹtẹ̀ lù ú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹlòmíràn tún jókòó sórí àga kan náà. Ó ń pe igbó etí odò wa ní pàǹtírí, ó ní òun yóò bá wa tún un ṣe. Ẹ gbé àáké sí igi kan níbẹ̀ lójú rẹ̀, kí ẹ gbọ́ bí òun náà yóò ti kígbe.

Ṣùgbọ́n ti Fẹ̀hìntọlá ló ṣáájú. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ó ti wá sẹ́nu ọ̀nà yín. Lánàá, ó di fàdákà funfun náà mọ́wọ́, ó ní: "Baálẹ̀, ẹ dìde, ẹ wá bá mi gba fàdákà ìyá mi."

Ohùn yín ń jáde láti inú ilé kí ó tó sọ̀rọ̀. Bí ó ti sọ̀rọ̀, ẹ dákẹ́.