Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Oyèkànmí Jẹ Bàbá Rẹ̀

Oyèkànmí, tó ń hun ẹní ní Àgbọ̀nlé, kò mọ bàbá mìíràn ju Fáṣọyè lọ, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó tọ́ òun àti Lánípẹ̀kun àbúrò rẹ̀ dàgbà. Nígbà tí ojú Oyèkànmí méjèèjì wá funfun bí ẹyin sísè, tó di pé ó ń kí ewúrẹ́ ní "ẹ kú ilé o," ó ní, "Kí bàbá tó kú, mo fẹ́ rí ojú wọn lẹ́ẹ̀kan sí i." Ló bá forí lé ilé ìwòsàn òyìnbó.

Wọ́n ti sọ fún un pé iṣẹ́ kékeré ni, pé ní ọjọ́ kẹta, wàhálà ti parí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé inú ojú ọ̀tún, ohun funfun náà ti le bí ekùrọ́. Wọ́n là á fẹ̀, wọ́n sì rán an. Dókítà wá kìlọ̀ níṣojú Lánípẹ̀kun pé, "Fún ogójì ọjọ́, o ò gbọdọ̀ tẹrí ba. Bí òwú yìí bá já, ojú lọ nìyẹn." Òyìnbó ò mọ̀ pé ẹni tó sọ irú èyí fún ọmọ Yorùbá ti ní kó má kí àgbà mọ́.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, Oyèkànmí jókòó sílé pẹ̀lú báńdéèjì lójú, ló bá gbọ́ ọ̀pá Fáṣọyè lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá arúgbó fẹsẹ̀ rìn wá wò ó. Gbì! Lánípẹ̀kun ti dàyà délẹ̀. Oyèkànmí dìde, ó dúró ṣánṣán bí òpó.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá mi. Ẹ má bínú, dókítà ni ò jẹ́ kí n..."

"Ṣé dókítà ló tọ́ ẹ ni? Lánípẹ̀kun, o gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Oko kòkó bàbá wà níbẹ̀ láìpín. Lánípẹ̀kun dáhùn látorí ilẹ̀ pé, "Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o, bàbá."

Ọ̀pá náà yí padà. Oyèkànmí gbọ́ bó ṣe ń jìnnà lọ. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Bí ojú yìí bá là, màá lọ bẹ̀ wọ́n."

Ọjọ́ kẹtàdínlógójì ni wọ́n sin Fáṣọyè. Lánípẹ̀kun dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo àlejò títí eruku fi kún irùngbọ̀n rẹ̀.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, opó bàbá ló mú Oyèkànmí lọ tú báńdéèjì. Dókítà bi í pé, "Àbúrò rẹ tí mo kìlọ̀ níṣojú rẹ̀ ńkọ́? Ṣó ń rán ẹ létí?" Opó gbọ́; ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un pé Lánípẹ̀kun ní òun ò gbọ́ nǹkan kan.

Ojú ríran. Ó rí ewé, ó rí èèrà. Wọ́n dé ìdí sàréè, Oyèkànmí nà gbọọrọ, ó fi iwájú orí kan yẹ̀pẹ̀. "Bàbá, mo wá kí yín." Ó pẹ́ nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde.

Lánípẹ̀kun sáré dé, òun náà fẹ́ nà. Opó ní, "Má yọ ara ẹ lẹ́nu, ọmọ mi. Tìrẹ ti pọ̀ jù nílé yìí."

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn àgbà Àgbọ̀nlé ti ń pa á lówe pé: ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà.