Ilẹ̀kùn Bàbá Ìyàwó

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún Bàbá Ládépò. Ó fẹ́ ilẹ̀kùn tuntun sójú ilé kí àwọn àna tó wá tọrọ ọmọ rẹ̀. Káfíńtà fọwọ́ kan pákó, ó ní, "Ó ṣì tutù, bàbá. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o."

"Ìwọ sáà kàn án! Fi fáníṣì kun iwájú rẹ̀. Ta ni yóò wo ẹ̀yìn?"

Ó kàn án. Ilẹ̀kùn ń dán.

Nígbà tí ọjọ́ ìtọrọ fi máa pé, òjò ti lu ilẹ̀kùn náà. Ó wú, ó lọ́, ó há pinpin. Àwọn àna dé, ilẹ̀kùn kò ṣí; wọ́n rò pé ará ilé ń fi àwọn ṣeré ni, bí a ti í tilẹ̀kùn mọ́ àna. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nínú ẹrẹ̀. Bàbá ọkọ bá dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀: "Bí ẹ ò bá fẹ́ fún wa lọ́mọ, ẹ sọ!"

Bàbá Ládépò, tó ti ń fa ilẹ̀kùn láti inú, sáré gba ẹ̀yìn ilé jáde. Lọ́jọ́ náà, bàbá ìyàwó ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ fún àwọn àna rẹ̀.