Àjàpá Àti Èso Aláró Òkété

"Àlọ́ o!"
"Àlọ̀!"
"Àlọ́ mi gba ẹ̀yìn oko kọjá, ó bá Àjàpá níbi tó ti ń jẹ ohun tí kò gbìn."
"Ìwà rẹ̀ ni!"

Ní ìgbà kan rí, Òkété mú èhù igi mẹ́ta bọ̀ láti orí òkè olótùútù, ìlú ìyá rẹ̀. Èso igi náà dúdú bí aró, ó sì dùn. Ìyá Òkété ti darúgbó, kò lè gun òkè náà mọ́. Ó ní òun fẹ́ tún tọ́ èso náà wò kí òun tó kú.

Òkété gbin igi náà sẹ́bàá àbàtà, nítorí ilẹ̀ kíkan ló bá a lára mu. Ṣùgbọ́n igi yìí ní èèwọ̀. Bó bá tanná lọ́dún méjì àkọ́kọ́, a gbọ́dọ̀ já òdòdó rẹ̀ dànù, kó lè ráyè ta gbòǹgbò; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á gbẹ.

Òun àti Àjàpá jọ ń ṣe àáró, wọ́n ń fi iṣẹ́ san iṣẹ́.

"Àjàpá, màá kọ ebè rẹ. Ìwọ bá mi já òdòdó. Má jẹ́ kí ẹyọ kan ṣẹ́ kù o."
"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"
"Ìyá mi ni mò ń rò."
"Ìyá rẹ, ìyá mi náà ni."

Òkété kọ ebè títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Àjàpá jókòó sábẹ́ igi.

"Kí n já èyí dànù? Ká má rí i! Ẹ so, kí n jẹ."

Ọdún kìíní, ó jẹ. Ọdún kejì, ó jẹ. Bó bá dìrọ̀lẹ́, á ní, "Mo ti já a. Èékánná ń ro mí." Òkété kò lọ wò. Nínú àáró, wọn kì í ṣọ́ ẹnìkejì.

Lọ́dún kẹta, Àjàpá gbé apẹ̀rẹ̀ ńlá, ó fẹ́ kó gbogbo èso náà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó bá Òkété níbẹ̀. Igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbẹ. Ojú ibi tí a ti já èso lọ́dún tó kọjá ṣì wà lára ẹ̀ka.

"Apẹ̀rẹ̀ kí nìyí?"
"Mo... mo wá bá ọ kó o ni."
"Kó kí ni?"
Àjàpá fi apẹ̀rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn.
"O jẹ́ kó so. O jẹ ẹ́."
"Díẹ̀ ni, ọ̀rẹ́ mi. Díẹ̀ báyìí."
"Ṣé ó dùn?"
Àjàpá wolẹ̀. "Ó dùn."

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ: ẹni tí kò lè dúró kí igi dàgbà, gbòǹgbò ló ń jẹ, kì í ṣe èso. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ máa yọjú wo oko yín.

Òkété ju ọkọ́ Àjàpá tó fi ń kọ ebè ọdún náà sílẹ̀. Ebè Àjàpá ku ààbọ̀, òjò sì ti ṣú.

"Òkété! Ebè mi ńkọ́? Níbo lò ń lọ?"

"Mò ń lọ sọ fún Ìyá pé ó ṣì dùn."