Ìṣù Ayin Tí Lágbókùn Fi Sílẹ̀

Àkànjí ọmọ Lágbókùn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ká ti sọ ìyẹn ná kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà. Igba ebè ni ó ń kọ kí oòrùn tó mú, bí ó bá sì ju àwọ̀n sómi, ẹja ni ó ń kó bọ̀, kì í kó ewé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ìka rẹ̀ gùn, ó sì rọ̀ bíi ti ìyá rẹ̀. Ìlú Ìgbóayin ni wọ́n bí i sí, ní àdúgbò Òkè, ilé tí wọ́n sì bí i sí yìí gan-an ló di ẹrù sí i lọ́rùn.

Ní Ìgbóayin, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti mú tí omi adágún Ọlọ́ya fà, wọn a ta eré àyílù. Igi kúkúrú mẹ́sàn-án ni wọ́n ń tò nàró. Ẹni tó fẹ́ ta á á dúró ní ogún ẹsẹ̀ sí wọn, á sì yí ìṣù kan tí wọ́n fi igi ayin gbẹ́ lọ bá wọn. Ìṣù yìí tó orí ọmọ ọwọ́, ó le bí irin, ihò mẹ́ta ni wọ́n sì dá sí i lára tí ìka ń wọ̀: ọ̀kan fún àtàǹpàkò, méjì fún ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹnì kan lè yí i. Ẹni tí ó bá wó igi jù ló borí, àdúgbò rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ ju àwọ̀n sí adágún lọ́dún náà. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Àwọn tó bá kọ́kọ́ ju àwọ̀n ló ń kó àrọ̀ abìrù gbọọrọ. Àwọn tó bá tẹ̀ lé wọn, wẹ́wẹ́ inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń ṣà.

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Lágbókùn fi ta àyílù fún Òkè tí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò Ìsàlẹ̀ kò borí rẹ̀. Ọkùnrin gìrìwò ni, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò. Nígbà tó kú, ìṣù rẹ̀ di ti Àkànjí, nítorí ìṣù bàbá ni ọmọ ń ta níbẹ̀. Òfin wọn sì ni pé ọ̀bẹ kì í kan ìṣù òkú. Wọ́n ní ẹni tó bá fá ìṣù bàbá rẹ̀, orí bàbá rẹ̀ ló fá. Òfin kejì ló wá burú jù: ilé tó bá pàdánù lọ́dún mẹ́ta léraléra, wọn a gba eré lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a gbé e fún ilé mìíràn, ó di títí ayé. Àkànjí ti pàdánù lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló ń bọ̀ yìí, ó sì ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún.

Ohun tí kò sọ fẹ́nì kan ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti yí ìṣù náà lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìdí àtàǹpàkò á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ẹni pé àkekèé wà níbẹ̀. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ìrora á gba ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Awọ ìka àárín ti bó, èékánná àtàǹpàkò ti dúdú. Nígbà tó yá, kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún gé òkèlè mọ́.

Mọ́rẹ́nikẹ́ aya rẹ̀ ń wò ó. Ó ní, "Bàbá Fìjàbí, ọwọ́ yín wú."

"Kò wú. Ó sanra ni."

"Èyí ọ̀tún nìkan ló wá mọ oúnjẹ jẹ?"

Obìnrin náà gbé omi ká iná, ó fi òrí ra ọwọ́ náà, ó fi aṣọ dì í. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ tún gbé ìṣù lọ sí pápá, aṣọ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọwọ́ bàbá òun náà ti ní láti dùn ún rí kó tó yi, pé ẹni bá fẹ́ jọ Lágbókùn kò gbọdọ̀ máa ké bí ọmọdé. Bí ó ti ń dùn ún tó ni ó ń fún ìṣù náà mọ́ra tó.

Àwọn ará àdúgbò tó rí aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù. Wọ́n ní, "Ṣé o ò bọ Ọ̀pádìran lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọjà?" Ọ̀pádìran yìí ni ó ń ta àyílù fún Ìsàlẹ̀, òun ló sì borí Àkànjí lẹ́ẹ̀mejèèjì. Àkànjí rántí pé òun bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lóòótọ́. Ó parí! Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí ará Ìsàlẹ̀ lókèèrè, á ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ. Ẹni tó kí i pẹ̀lú ọ̀yàyà, orí ni ó ń mì sí i.

Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Àtọ́kẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ìkòkò ni ó ń mọ, kò sì ní sùúrù fún ọ̀rọ̀ tí kò ní ìdí. Ní ọjọ́ kẹta, Àkànjí ru amọ̀ wá fún un láti ẹ̀bá odò. Bó ti fẹ́ sọ̀ ọ́, ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, agbọ̀n já, amọ̀ sì tú ká gbogbo àgbàlá.

Ìyá àgbà kò wo amọ̀. Ó ní, "Àkànjí, mú ọwọ́ yẹn wá."

"Ọwọ́ wo, ìyá?"

"Èyí tí o kì bọ abẹ́ aṣọ bí ẹni jí ẹyin."

Ó mú un wá. Ìyá àgbà tú aṣọ ọwọ́ náà, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Ó ní, "Ìgbà wo ló ń dùn ọ́?"

"Bí mo bá ń ta àyílù ni."

"Bí o bá fi ọjọ́ mẹ́ta ṣàì ta á ńkọ́?"

"Ó máa ń rọjú."

"Wọ́n ní ta ló fi nǹkan sí ọ lọ́wọ́?"

Àkànjí wolẹ̀. "Wọ́n ní Ọ̀pádìran ni, ìyá. Wọ́n ní oògùn ni."

"Oògùn Ọ̀pádìran ló wá ń gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta bí ìwọ náà bá ti sinmi?" Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni wọ́n sọ o. Ẹnì kan fi nǹkan sí ọ lọ́wọ́. Bàbá rẹ ni. Ìṣù rẹ̀ ló fi sí i. Tẹ̀ lé mi."

Ó mú un wọ inú ilé, ó sì dúró níwájú orù omi kan tí Àkànjí ti ń bu omi mu láti kékeré. Àṣà kan wà ní Ìgbóayin: bí ọkùnrin bá fẹ́ ọmọ amọ̀kòkò, ó gbọ́dọ̀ bá àna rẹ̀ mọ orù kan, á sì tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ikùn orù náà kí wọ́n tó sun ún, kí àna lè máa wo ọwọ́ tó gba ọmọ òun. Ọwọ́ Lágbókùn ló wà lára orù yìí, ó hàn ketekete, ó fẹ̀, ìka rẹ̀ nípọn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà.

"Gbé tìrẹ lé e."

Àkànjí gbé e lé e. Ọwọ́ rẹ̀ sọnù sínú ti bàbá rẹ̀ bí ọmọ tó wọ bàtà àgbàlagbà. Bí ó bá na àtàǹpàkò dé ibi tí ti Lágbókùn dé, ìdí rẹ̀ á fà, ibẹ̀ gẹ́gẹ́ tó máa ń ta á á sì ta á. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Ọwọ́ mi kò tó ti bàbá mi."

Ìyá àgbà ní, "Ta ló bi ọ́ ní ìyẹn? Jókòó. Nígbà tí bàbá rẹ mọ orù yìí, mẹ́ta ló fọ́ kí èyí tó dúró. Mo ní kó fa ọrùn rẹ̀, ó fà á títí ó já sí i lọ́wọ́. Èmi ni mo fa èyí tí ò ń wò yìí. Ìwọ, ọmọ ọdún méje ni ọ́ tí o fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọrùn orù fún mi, kò já rí. Ọwọ́ rẹ kò kéré. Ìṣù náà ni kì í ṣe tìrẹ."

"Ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ kan ìṣù òkú, ìyá."

"Mo ha ní kí ọ̀bẹ kàn án? Igi ayin ti tán nígbó ni?"

Láti ìran mẹ́ta, kò sẹ́ni tó gbẹ́ ìṣù tuntun ní Ìgbóayin. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má gbẹ́ ẹ.

Ìyá àgbà bu amọ̀, ó ṣù ú roboto, ó gbé e sí i lọ́wọ́. "Má fún un. Mú un bí ẹni mú òròmọdìẹ. Bí o bá fún un, á kú. Bí o bá dẹ̀ ẹ́ jù, á sá." Èyí àkọ́kọ́ tóbi, ó bù lára rẹ̀. Èkejì kéré. Ẹ̀kẹta ni ó jókòó. Ó ní kí ó ti ìka mẹ́ta bọ̀ ọ́ níbi tí wọ́n bá fẹ́ lọ fúnra wọn, kí ó yọ wọ́n, kí ó tún tì wọ́n bọ̀ ọ́, títí wọ́n fi ń wọlé tí wọ́n ń jáde láìfa awọ. Nígbà tí amọ̀ náà gbẹ, wọ́n gbé e lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà pé kí ó gbẹ́ ayin bí ó ti rí yẹn gan-an, kò gbọdọ̀ fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un.

Ọjọ́ méje ni ìyá àgbà fi ní kí ọwọ́ náà sinmi. Láàárọ̀ lálẹ́, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, òrí, kí ó sì máa na ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ó fún un láyè ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Bí Àkànjí bá bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀kẹfà, á ní, "Ọ̀la kò lọ ibì kan."

Ọjọ́ eré pé. Òkè jókòó sápá ọ̀tún, Ìsàlẹ̀ sápá òsì, Bàbá Ajíbọ́yè, olórí eré, sì wà láàárín. Nígbà tí Àkànjí gbé ìṣù tuntun jáde, gbogbo pápá di ariwo.

Ọ̀pádìran pàtẹ́wọ́. "Àkànjí, ọmọ ta lo gba ohun ìṣeré ọwọ́ rẹ̀? Á ti máa sunkún nílé!"

Ìsàlẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ohun tó dun Àkànjí ju ẹ̀rín wọn lọ ni ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Òkè lẹ́yìn rẹ̀: "Ó ti gbàgbé bàbá rẹ̀."

Bàbá Ajíbọ́yè gbọ́wọ́ sókè. "Ìṣù Lágbókùn dà?"

"Ó wà nílé, bàbá. Ọ̀bẹ kò kàn án."

"Kí ló dé tí o kò gbé e wá?"

"Ọwọ́ tó ni ín ti sùn, bàbá. Èmi kò ní irú rẹ̀."

Bàbá gba ìṣù tuntun náà, ó yí i wò. Ó ní, "Òfin ní kí ọ̀bẹ má kan ìṣù òkú. Mi ò gbọ́ ọ rí pé òfin ní kí alààyè má gbẹ́ tirẹ̀. Ẹ ta eré!"

Ọ̀pádìran ló kọ́kọ́ ta. Igi méje ló wó, méjì ló ṣẹ́ kù. Àyà Ìsàlẹ̀ balẹ̀.

Wọ́n tún igi tò. Àkànjí dúró. Ìbẹ̀rù mú un, ó fún ìṣù mọ́ra bó ti máa ń fún ti bàbá rẹ̀. Ó yí i, ó wọ́, igi kan ṣoṣo ló wó. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ìdí àtàǹpàkò ta á wín. Àkànjí wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní lọ́kàn, "Mo gbọ́." Ó dẹ ọwọ́. Ó mú ìṣù náà bí òròmọdìẹ, ó mi apá lẹ́ẹ̀kan, ó sì jẹ́ kó lọ. Kò wọ́, kò fò. Igi márùn-ún wó gbì!

Ó ku mẹ́ta. Bí ó bá wó ẹyọ kan, wọ́n á dọ́gba, ẹni tó borí léṣìí ni yóò sì mú un. Méjì ni ó gbọ́dọ̀ wó. Òkè kò mí. Ìyá àgbà nìkan ló ń bọ́ ẹ̀pà rẹ̀ jẹ. Àkànjí yí i. Ìṣù náà lu ti iwájú, ti iwájú lu ti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀kẹta ń mì, ó ń mì, ó sì dùbúlẹ̀.

Ẹ ò rí Òkè! Wọ́n gbé Àkànjí sọ́rùn, Mọ́rẹ́nikẹ́ tú gèlè ó ń jù ú sókè, ẹni tó ní ó ti gbàgbé bàbá rẹ̀ ló ń kígbe jù pé, "Ọmọ Lágbókùn! Òkú ọ̀run, ẹ wá wo ọmọ yín!"

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Ọ̀pádìran wá. Ó ní, "Jẹ́ n wò ó." Ó ti ìka bọ ìṣù náà, ìka há. Ó yọ wọ́n tipátipá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ hàn. Èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ dúdú bí èédú. Ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ọdún mẹ́rin nìyí. Mo rò pé ẹ̀yin ará Òkè lẹ fi nǹkan sí mi lọ́wọ́. Ìyá yín yẹn, ṣé á lè fi amọ̀ wọn tèmi náà?"

Ìyá àgbà ti gbọ́. Ó ní, "Kí ó máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ kó àrọ̀ tiwa tán ná."

Bàbá Ajíbọ́yè pe Àkànjí sí ẹ̀gbẹ́. "Gbogbo ìlú ní oògùn ni. Ta ló sọ òótọ́ fún ọ?"

Àkànjí ṣí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú bàbá. Kò wú, kò bó. Ó ní, "Òun ni, bàbá. Ọdún méjì ló fi ń sọ fún mi. Ti gbogbo ayé ni mò ń gbọ́, mi ò gbọ́ tirẹ̀. Òun nìkan ni kò tàn mí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àkànjí gbé ìṣù Lágbókùn sí ẹ̀gbẹ́ orù ìyá àgbà, lábẹ́ ọwọ́ tó ni ín. Ibẹ̀ ló wà títí tí wọ́n fi ń sọ ìtàn yìí fún ọmọ ọmọ Fìjàbí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn àgbà Ìgbóayin ti mú ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń pa lówe dòní, pé àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.