Orúnkún Tó Kanlẹ̀ ní Ibùdó Ológun Òfurufú

Ẹ̀rù Sájẹ́ńtì Òjélàdé ń ba gbogbo kádẹ́ẹ̀tì tó wá lo ọ̀sẹ̀ kan ní ibùdó ológun òfurufú. Ó ní sàlúùtù ni ológun fi ń kí ènìyàn, pé ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá kanlẹ̀ yóò padà sílé, "kódà bó ṣe èmi!" Ní ọjọ́ kẹrin, Fadérera, ọmọbìnrin tó kéré jù nínú wọn, pàdé ìyá arúgbó tó ń gbálẹ̀, ó sì ti kúnlẹ̀ kí i kó tó rántí. "Di ẹrù rẹ!" ni Sájẹ́ńtì jágbe. Fadérera ò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ní kí ìyá àgbà òun wá mú òun lọ. Ó ti gbọ́ tí alásè ń fi oríkì pe Sájẹ́ńtì ní Àkàndé, ló bá sọ ọ́ fún ìyá àgbà lórí fóònù. Bí ìyá àgbà ṣe wọ géètì báyìí, ó ní, "Àkàndé ọkọ mi, ṣé dáadáa lo wà?" Kí Sájẹ́ńtì tó mọ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti bùùtù. Fadérera ṣe sàlúùtù fún un níbi tó nà sí: "Sà, ṣé ọkọ̀ kan náà lèmi pẹ̀lú yín máa wọ̀ lọ sílé?" Sájẹ́ńtì dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó ní, "Lọ tú ẹrù rẹ."