Ìdí Tí Tòmátì Gbígbẹ Fi Hunjọ

Nígbà láéláé, nígbà tí Oòrùn ṣì ń gbé nítòsí, tó sì ń dáni lóhùn tí a bá pè é, ohun méjì péré ló lè ṣẹlẹ̀ sí tòmátì: kó pọ́n, tàbí kó jẹrà. Kò sí ìkẹta.

Ní ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró ni Ìyá Tòmátì ń gbé. Ara Ìyá Tòmátì kì í balẹ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á máa gun ara wọn lórí bí àgùntàn tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún.

Lọ́dún kan, gbogbo ọmọ rẹ̀ pọ́n lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwẹ̀ró se ọbẹ̀, ó fún àwọn aládùúgbò, ó tún se ọbẹ̀. Nígbà tó yá, bí àwọn aládùúgbò bá ti rí i lókèèrè, wọ́n á ṣẹ́rí padà. Ló bá la èyí tó kù sí méjì méjì, ó sá wọn sórí àpáta, ó ń wá èyí tí kòkòrò wọ̀.

“Ọ̀la ni wọ́n máa jẹrà,” ni Ìyá Tòmátì ń wí. “Àwọn ọmọ mi. Ọ̀la ọ̀hún kò sì jìnnà.”

Ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ nítòsí mirí tàánútàánú. “Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá ọlọ́mọ. Mo mọ ibi tí a lè kó wọn sí.”

“Níbo?”

“Inú mi.”

Ìyá Tòmátì yíjú sí òkè. “Bàbá Oòrùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa wọ́n mọ́.”

Ṣùgbọ́n ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bó ti ń sọ ọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń kọjá gbé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn lọ. Ohun tí Oòrùn gbọ́ ni, “Ẹ bá mi pa wọ́n.”

“Ṣé ó dá ọ lójú?” ni Oòrùn bi í.

“Ó dá mi lójú, Bàbá. Ẹ má fi ẹyọ kan sílẹ̀.”

Àgbàlagbà ni Oòrùn, kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí. Ó ká apá aṣọ sókè, ó mu gbogbo omi ara wọn tán.

“Mo ní kí ẹ pa wọ́n mọ́ ni,” ni Ìyá Tòmátì ké.

“Èmi ò gbọ́ ‘mọ́’ kankan.”

Wọ́n bi Afẹ́fẹ́. Ó ní “mọ́” ti bọ́ lọ́wọ́ òun sínú ìkòkò omi Àwẹ̀ró. Ewúrẹ́ wo orí àpáta, ó ní òun kì í jẹ òkú.

Àwẹ̀ró mú ọ̀kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́. “Ojú wọn jọ tèmi,” ló wí. “Mi ò lè da ojú ara mi nù.” Ó kó wọn sínú akèrègbè, ó gbé e kọ́ sókè ààrò.

Ọyẹ́ dé. Kò sí tòmátì lábúlé. Àwẹ̀ró bu omi nínú ìkòkò yẹn, ó da àwọn ahunjọ náà sí i. Wọ́n mu, wọ́n wú, wọ́n tún pupa. Ìyá Tòmátì, tó ti di igi gbígbẹ lẹ́yìnkùlé, gbọ́ òórùn ọbẹ̀, ó sì mọ ọmọ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò náà gbọ́ ọ. Wọ́n gbé àwo dé, wọ́n ní àwọn wá kí ìyá ni.

Láti ọjọ́ náà ni tòmátì gbígbẹ ti ń hunjọ bí ojú arúgbó, tó sì ń wú padà bó bá kan omi, nítorí inú omi ni “mọ́” rẹ̀ wà. Oòrùn, tí kò fẹ́ ṣi ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, kó lọ sókè réré. Ẹ pè é títí, kò ní dá yín lóhùn mọ́.